Ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: èyí tó fúyẹ́ àbí èyí tó wúwo, chamber 2½ àbí 2¾?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tó wà lára ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Ṣé Purdey ni àbí Holland & Holland, ṣé Boss ni àbí Westley Richards, àbí ìbọn Birmingham kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é rí. Orúkọ dáa lóòótọ́, owó sì wà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló máa sọ bóyá ìbọn yẹn máa bá yín gbé: bó ṣe wúwo tó, àti bí chamber ẹ̀ ṣe gùn tó. Chamber tí mò ń sọ yìí ni ilé tí kátíríìjì máa ń wọ̀ ní ìdí bárẹ́ẹ̀lì. Àwọn èèyàn máa ń ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ èyí tó fúyẹ́, wọ́n á tún ní àwọn fẹ́ èyí tó ń gba kátíríìjì gígùn 70mm, wọn ò mọ̀ pé ọ̀kan ń fa ìkejì. Tèmi ni pé kátíríìjì tí ẹ fẹ́ máa yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, òun ló máa sọ irú chamber tí ẹ ń wá, ìwọ̀n ọta inú ẹ̀ ló sì máa sọ bó ṣe yẹ kí ìbọn wúwo tó. Ẹni tó bá tò ó sódì, èjìká ẹ̀ ló máa jẹ ẹ́, tàbí kó jẹ́ ìbọn gan-an ló máa bàjẹ́.

2½ àti 2¾: ibi tó léwu jù

Púpọ̀ nínú ìbọn 12-bore (bore ló ń sọ bí ihò bárẹ́ẹ̀lì ṣe fẹ̀ tó, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó) tí wọ́n ṣe fún ọdẹ ẹyẹ kó tó di Ogun Àgbáyé Kejì, chamber 2½ ínṣì ni wọ́n ní. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, 63.5mm ni 2½ ínṣì, ṣùgbọ́n 65mm ni wọ́n máa ń kọ sára páálí kátíríìjì tó jẹ́ tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú. 2¾ ínṣì ni 70mm, òun ni ẹ máa rí ní ṣọ́ọ̀bù jù lónìí.

Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Gígùn tí wọ́n kọ sára kátíríìjì, gígùn ìgbà tí wọ́n ti yìn ín tán tí ẹnu ẹ̀ ti là ni. Kátíríìjì 70mm tí wọn ò tíì yìn, tí ẹnu ẹ̀ ṣì pa dé, kì í tó 65mm rárá, bí i 58 sí 60mm ló máa ń jẹ́. Torí náà ó máa wọnú chamber 2½ láìsí wàhálà, ìbọn á pa dé wẹ́rẹ́, kò sí nǹkan kan tó máa kìlọ̀ fún yín. Ìgbà tí ẹ bá wá yìn ín ni ẹnu kátíríìjì máa là síwájú, á wọnú ibi tí bárẹ́ẹ̀lì ti ń fún, bí ẹni tó ń ṣí agboorùn láàárín ẹnu ọ̀nà tóóró, ọta àti wad (ìdí tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta) á wá máa fipá gba ibẹ̀ kọjá, pressure á ga ju ohun tí wọ́n fi dán ìbọn yẹn wò lọ. Ó lè má bẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé ìdè tí ìbọn fi ń ṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àlàfo á yọjú láàárín bárẹ́ẹ̀lì àti action (ara irin tí bárẹ́ẹ̀lì jókòó lé), ìbọn tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún láìyẹsẹ̀ á di ohun tí alágbẹ̀dẹ ìbọn ń tún ṣe lọ́dọọdún.

Torí náà tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé "mo máa ń lo 70mm nínú ẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é," ẹ ti mọ̀ pé bó ṣe wọlé ò sọ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin ló ń sọ̀rọ̀, àti ohun tí ẹni tó ṣe kátíríìjì kọ sára páálí. Àwọn kátíríìjì 67mm kan wà tí àwọn tó ń ṣe wọ́n ní Britain kọ ọ́ sí i gbangba pé wọ́n yẹ fún chamber 2½, ìyẹn ò burú. Tí wọn ò bá ti kọ ọ́, ẹ dá a padà sórí káńtà.

Irú "2¾" mẹ́ta ló wà o

Tí ẹ bá rí ìbọn àtijọ́ tí wọ́n pè ní 2¾, ẹ bèèrè bóyá bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn àbí ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ lẹ́yìn náà.

Èyí tí wọ́n ṣe ní 2¾ láti ìbẹ̀rẹ̀, irin bárẹ́ẹ̀lì ẹ̀ nípọn lápá ìdí, ó sì máa ń wúwo, pọ́n-ùn 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọta púpọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó máa gbé. Ìyẹn dáa. Èyí tó jẹ́ 2½ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ di 2¾, tí wọ́n sì tún gbé e lọ dán wò ní Proof House (ilé tí òfin ní kí wọ́n ti máa dán bárẹ́ẹ̀lì ìbọn wò, kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ sí i), ó bófin mu, ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: iwájú chamber níbi tí pressure ti ga jù ni wọ́n ti ha irin kúrò, ìbọn náà ò sì wúwo sí i, pọ́n-ùn 6 àti díẹ̀ náà ló ṣì wà, ó wá ń pe ẹni tó ni ín pé kó wá fi kátíríìjì 36g (ìwọ̀n ọta inú ẹ̀ nìyẹn) sí i. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n gbẹ́ tí wọn ò dán wò mọ́. Òfin Gun Barrel Proof Act 1868 ò gbà kí ẹnikẹ́ni ta irú ẹ̀ ní UK, bó ti wù kí igi ìdí ẹ̀ máa dán tó. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Tí wọ́n bá gbé 2½ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn síwájú mi, pẹ̀lú 2½ tí wọ́n gbẹ́ di 2¾ tí wọ́n tún dán wò, tí owó wọn bá dọ́gba, èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn ni mo máa mú nígbà gbogbo. Kátíríìjì 65mm ò wọ́n ní Britain, àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ṣì ń ṣe é dáadáa, kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kẹ́nìkan máa ha irin kúrò lára ìbọn àtijọ́ torí pé ó fẹ́ ra kátíríìjì tó wà níbi gbogbo.

Kí lẹ máa kà lábẹ́ bárẹ́ẹ̀lì

Ẹ yọ bárẹ́ẹ̀lì kúrò, ẹ yí i dojú bolẹ̀, ẹ wo ibi pẹlẹbẹ tó wà nídìí ẹ̀. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ wà. Ilé méjì ló ń tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ti London, tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ọba fún níwèé àṣẹ ní 1637, àti ti Birmingham tí òfin ilé aṣòfin dá sílẹ̀ ní 1813. (Birmingham yìí náà ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn oníṣòwò òyìnbó kó wá sí etíkun wa láyé àtijọ́ ti wá, torí náà orúkọ ìlú yẹn kì í ṣe àjèjì sí ìtàn wa.)

Láti 1887 lẹ máa rí àmì dáyámọ́ǹdì tí 12 wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C. C yẹn ń sọ pé chamber ò tó 3 ínṣì. Tó bá jẹ́ LC, ó tó 3 ínṣì tàbí ó jù ú lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé dáyámọ́ǹdì tó ní C ò sọ bóyá 2½ ni àbí 2¾, 1925 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gígùn chamber gan-an sára ìbọn. Torí náà ìbọn tó ti wà kó tó di 1925, ẹ ò lè kàn kà á, ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, kí alágbẹ̀dẹ ìbọn ti gọ́ọ̀jì bọ̀ ọ́. Tó bá ní 2¾ tí òǹtẹ̀ ẹ̀ sì jẹ́ ti 1910, tí kò sí òǹtẹ̀ tuntun kankan, ìbéèrè ti dé nìyẹn.

Láti 1954 wọ́n ń kọ agbára tí wọ́n fi dán an wò ní tons: 3 tons lẹ máa bá lára 2½, 3¼ lẹ máa ń rí lára ọ̀pọ̀ 2¾. Láti 1989 ó di bar, 850 bar ló wọ́pọ̀. Èyí tí òǹtẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀tù dúdú nìkan, tí kò sí òǹtẹ̀ nitro (ti ẹ̀tù òde òní tí kì í ṣe èéfín), ẹ má fi kátíríìjì òde òní sí i rárá, kò jẹ́ nǹkan kan bóyá 2½ ni.

Nǹkan méjì mìíràn tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè ni bí inú bárẹ́ẹ̀lì ṣe fẹ̀ tó ní ínṣì 9 sí ìdí, kẹ́ ẹ fi wé ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i, àti bí ògiri ẹ̀ ṣe nípọn tó níbi tó tín-ín-rín jù. Inú bárẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti ha torí ìpẹtà máa ń fẹ̀ sí i, tó bá sì fẹ̀ kọjá ààlà òǹtẹ̀ ẹ̀, ó ti jáde kúrò nínú òfin nìyẹn. Ní ti ògiri, 0.020 ínṣì ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn fi ṣe ìpẹ̀kun, ohun tó bá kéré sí i á mú kí wọ́n mirí. Àwọn ilé gbàǹjo tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń kọ gbogbo eléyìí sínú kátálọ́ọ̀gì. Ilé gbàǹjo tí kò bá kọ ọ́, ẹ bi wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn.

Báwo ló ṣe yẹ kó wúwo tó

Òfin kan wà tí wọ́n so mọ́ orúkọ W. W. Greener, alágbẹ̀dẹ ìbọn ti Birmingham: kí ìbọn wúwo ní ìlọ́po 96 ọta tó ń gbé. Ọ́ńsì 16 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, torí náà ọta ọ́ńsì kan ń fẹ́ ìbọn pọ́n-ùn 6. Ẹ wò ó báyìí:

Ọta ⅞ ọ́ńsì (bí i 25g): pọ́n-ùn 5 ọ́ńsì 4
Ọta 1 ọ́ńsì (28g): pọ́n-ùn 6
Ọta 1 1/16 (30g): pọ́n-ùn 6 ọ́ńsì 6
Ọta 1⅛ (32g): pọ́n-ùn 6 ọ́ńsì 12
Ọta 1¼ (36g): pọ́n-ùn 7 àbọ̀
Ọta 1½ (42g): pọ́n-ùn 9

Ìdí nìyẹn tí ìbọn 2½ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń wà láàárín 6¼ sí 6¾, torí 1 1/16 ọ́ńsì ni kátíríìjì tí wọ́n ń lò fún àparò àti pheasant (ẹyẹ igbó kan tó jọ adìyẹ). Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ kó fúyẹ́, ìwúwo ìbọn àti kátíríìjì ni wọ́n mú bá ara wọn dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká tún wò ó lọ́nà mìíràn, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń náwó sí ibi tí kò yẹ. Tí ẹ bá kúrò lórí ìbọn pọ́n-ùn 6 bọ́ sórí ti pọ́n-ùn 7, kátíríìjì kan náà, agbára tó fi ń gbá yín léjìká máa dín ní ìdá kan nínú méje. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dúró sórí ìbọn kan náà, tí ẹ kúrò lórí 28g lọ sí 32g, eré kan náà, agbára yẹn á lọ sókè ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá (ká fi ti ẹ̀tù àti wad sílẹ̀). Torí náà tí ìbọn bá ń dun yín léjìká, ẹ kọ́kọ́ dín ọta kù kí ẹ tó wá ìbọn tó wúwo. Mo rí àwọn tó ń ta ìbọn bàbá wọn torí pé ó ń gbá wọn, bẹ́ẹ̀ páálí kátíríìjì 28g tàbí 24g ì bá ti yanjú ẹ̀.

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lóko láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń yìn bí i mẹ́wàá péré, pọ́n-ùn 6 máa dùn mọ́ ọn lápá ju 7 lọ. Ẹni tó dúró síbì kan tí wọ́n ń lé pheasant gíga kọjá lórí ẹ̀, tó ń yìn ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan, ìbọn tó fúyẹ́ yẹn máa ń tètè dúró lọ́wọ́ ẹ̀ láàárín ìfì, ọta á wá gba ẹ̀yìn ẹyẹ. Èyí tó wúwo díẹ̀ máa ń bá ẹyẹ lọ láìdúró.

12 tó fúyẹ́ àbí 20-bore?

Láàárín ogun méjèèjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ìbọn fúfúyẹ́ gan-an. Robert Churchill, alágbẹ̀dẹ ìbọn, gbé XXV ẹ̀ jáde, bárẹ́ẹ̀lì ínṣì 25 péré, pọ́n-ùn 6 tàbí sún mọ́ ọn, nígbà tí gbogbo ayé ń lo 28 àti 30. Charles Lancaster ní Twelve-Twenty, 12-bore tí wọ́n ṣe kó fúyẹ́ bí 20. Àwọn kan tún wà tí chamber wọn jẹ́ ínṣì 2 péré, tó ń gbé ⅞ ọ́ńsì, tí ìbọn fúnra ẹ̀ ò ju pọ́n-ùn 5 àti díẹ̀ lọ. Ohun àràmàǹdà ni wọ́n lọ́wọ́, mo fẹ́ràn wọn dénú, ṣùgbọ́n kátíríìjì ínṣì 2 ò sí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó wọ́n, ẹ má sì fi 65mm sí i láéláé torí ó gùn ju chamber ẹ̀ lọ, ewu tí mo sọ lókè náà ló tún dé.

20-bore àtijọ́ máa ń wà láàárín 5½ sí 6, chamber 2½ ló wọ́pọ̀ lára àwọn àgbà, ọta ẹ̀ ò wọ́n láti rí. Fún obìnrin, fún ọ̀dọ́, fún ẹni tí apá ẹ̀ kúrú, òun ni mo máa sọ. Nǹkan kan péré ló wà níbẹ̀: tí 12 àti 20 bá wà nílé kan náà, ẹ má da kátíríìjì wọn pọ̀ sínú àpò kan láéláé. Kátíríìjì 20 máa wọ inú 12, á yọ̀ lọ síwájú, á há sínú bárẹ́ẹ̀lì níbi tí ojú ò rí, ẹni náà á rò pé chamber ṣófo, á fi 12 sí i lẹ́yìn, á yìn ín, bárẹ́ẹ̀lì á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ yẹ́lò ṣe kátíríìjì 20.

Àwọn tó wúwo: ti ẹyẹlé àti ti ẹyẹ omi

Ìbọn ẹyẹlé, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ṣì ń tú ẹyẹlé ààyè sílẹ̀ fún ìdíje (òfin fòpin sí i ní Britain ní 1921), 2¾ ló sábà máa ń jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pọ́n-ùn 7 sí 7½, bárẹ́ẹ̀lì ínṣì 30, choke ẹ̀ (ibi tí bárẹ́ẹ̀lì ti fún lápá ẹnu) há. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tó mọ́, ẹni tó fẹ́ràn pheasant gíga tàbí clay (àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè fún ìdíje) ò lè rí ìbọn àtijọ́ tó dára jù ú lọ: ẹ fi 28g tàbí 30g sí i, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ yìn nǹkan kan.

Ti ẹyẹ omi, chamber 3 ínṣì, máa ń kọjá 7½, àwọn kan tó 8. Ohun tó yí i padà ni ọ̀rọ̀ òjé. Láti 1999 wọn ò gba ọta òjé fún ẹyẹ omi ní England, ọta irin sì le ju òjé lọ, kì í tẹ̀, choke tó há lára ìbọn àtijọ́ lè wú síta. Bismuth rọ̀ bí òjé, òun ló bá wọn mu, ṣùgbọ́n ó wọ́n gan-an, kátíríìjì 42g bismuth á sì máa já owó yín jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba Britain tún kéde ní July 2025 pé àwọn máa fòfin dá òjé dúró fún ọdẹ yòókù náà ní England, Scotland àti Wales, pẹ̀lú àyè ọdún 3 láti yí padà, torí náà ẹ fi owó bismuth kún ìṣirò yín kí ẹ tó ra ìbọn àtijọ́ èyíkéyìí. Kátíríìjì tó kéré á wá gba owó là fún yín. Ìbọn 2½ tó ń jẹ 28g ti jèrè lórí èyí tó ń jẹ 36g nìyẹn.

Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín

Sikéèlì ọlọ́wọ́ tí ẹ fi ń wọn ẹrù kí ẹ tó gbéra lọ sí Nàìjíríà ti tó. Ẹ wọn ìbọn lódindi, kí ẹ tún wọn bárẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀. Bárẹ́ẹ̀lì 12-bore ínṣì 28 máa ń wà ní àyíká pọ́n-ùn 3. Tó bá kéré sí i gan-an, ẹ tún bèèrè ọ̀rọ̀ ògiri tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá kọ SLEEVED sára ẹ̀, bárẹ́ẹ̀lì tuntun ni wọ́n fi sórí ìdí àtijọ́, ó máa ń wúwo síwájú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, owó ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dáadáa. Ẹ yẹ ìdí igi wò pẹ̀lú: rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn àti òjé tí wọ́n sin sínú ẹ̀ lè fi ọ́ńsì mélòó kan kún un, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú kátálọ́ọ̀gì á máa tàn yín.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sórí ìka kan lábẹ́ ìdè tó fi ń ṣẹ́. Tó bá dúró níbẹ̀ tàbí tó yẹ̀ díẹ̀ sí i, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìbọn 6¾ tó dúró dáadáa lórí ìdè máa fúyẹ́ lọ́wọ́ ju 6¼ tí gbogbo ìwúwo ẹ̀ wà lẹ́nu lọ.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tó ti gba shotgun certificate lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tí owó ẹ̀ ò pọ̀, boxlock Birmingham (irú tí ẹ̀rọ ìyìn ẹ̀ wà nínú action gan-an) ni mo máa ní kó wá, Webley & Scott tàbí èyí tó jọ ọ́, 2½, pọ́n-ùn 6½, òǹtẹ̀ nitro, ògiri tó kọjá 0.020 dáadáa. Ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí sidelock (irú tí ẹ̀rọ ìyìn ẹ̀ wà lára irin pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́) olówó gọbọi tí wọ́n ti ha inú bárẹ́ẹ̀lì ẹ̀ tán. Tí ẹ bá fẹ́ 70mm dandan, Webley 700 tí wọ́n ṣe ní 2¾ wà, wọ́n ṣe é títí di 1979, ẹ kàn yẹ òǹtẹ̀ wò torí àwọn kan nínú wọn jẹ́ 2½. Àbí kí ẹ kúkú ra AYA ilẹ̀ Spéènì, tó tẹ̀ lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọ̀nà, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ 70mm láti ilé iṣẹ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ bá ẹni tó ń tà á sọ ọ́ ṣáájú owó pé alágbẹ̀dẹ ìbọn tiyín ló máa ti gọ́ọ̀jì bọ̀ ọ́, tí kò bá sì bá ohun tí wọ́n kọ mu, wọ́n á gbà á padà.